Káàdì inú ẹ̀rọ PBX tó ń ṣọ́ ìpè òṣìṣẹ́: báwo ni ìtàn rẹ̀ ṣe kan síìmù rẹ?

Kí GSM tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, nǹkan bíi 400,000 ìlà fóònù ló wà fún orílẹ̀èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ọ́fíìsì tó bá ní ìlà NITEL díẹ̀ á so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ PBX, kí gbogbo yàrá lè jọ máa lò ó.

Àjọlò yìí náà ló ń dá awuyewuye sílẹ̀. Bí ìwé owó fóònù bá dé, kò lè sọ yàrá tí ìpè kọ̀ọ̀kan ti wá. Ta ló wá pe Lọ́ńdọ̀nù?

Báwo ni káàdì náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nínú PBX ńlá bíi Meridian ti iléeṣẹ́ Nortel ní Canada, káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní SDI. Òun ló ń so PBX mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kọ̀ǹpútà. Ìlànà RS-232, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, ló ń tẹ̀lé láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì.

Bí ìpè bá parí, àkọsílẹ̀ á jáde: fóònù tí wọ́n lò nínú ọ́fíìsì, nọ́ńbà tí wọ́n pè, àsìkò àti iye ìṣẹ́jú. Irú àkọsílẹ̀ yìí ni òtẹ́ẹ̀lì fi ń gba owó ìpè lọ́wọ́ àlejò.

Ṣé àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣìnà?

Ohun tó bá rí nìkan ló lè sọ. Lórí ọ̀pọ̀ ìlà àtijọ́, PBX kì í mọ ìgbà tí ẹni tí wọ́n pè gbé fóònù. Kété lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà tán ló ti ń ka ìṣẹ́jú, nítorí náà ìpè tí ẹnikẹ́ni kò gbé lè wọ ìwé.

Ó mọ fóònù orí tábìlì, àmọ́ kò mọ ọwọ́ tó gbé e. Bí ẹnìkan bá lo fóònù ẹlòmíì lẹ́yìn tó ti lọ sílé, ẹni tó ti lọ sílé ni wọ́n máa bi. Ìdí nìyí tí PBX fi lè béèrè nọ́ńbà àṣírí kí òṣìṣẹ́ tó pe ìta.

Kí ló kan síìmù?

Nortel wọ gbèsè lọ́dún 2009, ìlà fóònù kò sì wọ́n mọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀: iléeṣẹ́ GSM mọ síìmù tó pè, kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 2011 ni àjọ NCC bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ síìmù. Ní 2015, ó ní kí MTN san owó ìtanràn $5.2bn lórí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò bófin mu. Wọ́n padà dín in kù sí ₦330bn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba tún pàṣẹ kí wọ́n so síìmù mọ́ NIN.

Síbẹ̀, bí o bá yá ọ̀rẹ́ rẹ ní fóònù lónìí, orúkọ tìrẹ ló máa wà lórí ìpè náà. Bó ṣe rí láyé PBX nìyẹn: àkọsílẹ̀ lè dárúkọ fóònù. Kí wọ́n tó dárúkọ èèyàn, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí.