Ta Ló Fi Àwọ̀ Pín Wọn?

Bí mo bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ń kọ́ni nípa òyìnbó àti èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, "ìran" ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Ó dùn ún pè, àmọ́ irọ́ ló ń pa. Ìran ni baba tó bí baba. Ẹ̀jẹ̀ ni, oríkì ni. Franz Boas, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Amẹ́ríkà, sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló pín wọn. Láàárín 1908 sí 1910, ó ní kí wọ́n wọn orí àwọn tó ṣí wá sí New York láti Yúróòpù, àti ti ọmọ wọn. Orí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kò rí bíi ti òbí wọn mọ́. Nígbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Zora Neale Hurston, mú irin ìwọnrí dúró lójú títì Harlem ní New York, ó ń dá èrò ọ̀nà dúró, ó ń wọn orí wọn. (Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbé orí fún àjèjì lójú pópó!)

"Ẹ̀yà" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá la ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ "ẹlẹ́yàmẹ̀yà" lórí rédíò, ọ̀rọ̀ ìbò ló máa rò. Mo fara mọ́ "ìfàwọ̀pínni". Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí "ìfètòsọ́mọbíbí" ṣe gùn tó, ìyá ọlọ́jà ń pè é láìkọsẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò béèrè ta ló pín wọn.

Ọ̀rọ̀ tí màá lò fún iṣẹ́ ọlọ́pàá kò le ní tirẹ̀. "Ṣọ́" ti parí iṣẹ́: à ń ṣọ́ ilé kí olè má wọ̀ ọ́, a sì ń ṣọ́ ẹni tí a fura sí pé olè ni.

Ibi tí mo ti há ni orúkọ tí màá pe owó kan tí ìlú Chicago san. Láti 1972 sí 1991, Jon Burge, ọlọ́pàá kan níbẹ̀, àti àwọn ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀ dá èèyàn tó lé ní 100 lóró kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Èèyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2010, ilé ẹjọ́ dá Burge lẹ́bi, àmọ́ irọ́ tó pa lábẹ́ ìbúra ni wọ́n rí mú. Iye ọdún tí òfin là kalẹ̀ fún pípe ẹjọ́ ìdálóró ti kọjá. Ìdájọ́ nìyẹn, òdodo ńkọ́? Ní 2015, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí mílíọ̀nù 5.5 dọ́là fún àwọn tí wọ́n dá lóró, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ ìtàn náà ní kíláàsì 8 àti 10. Oníròyìn wa yóò pè é ní owó gbà-máà-bínú. Ẹni tí wọ́n fi iná mànàmáná dá lóró, ta ni yóò sọ fún un pé kó má bínú? "Owó ìtánràn" ni mo kọ síbẹ̀. Ìlú ló dá ọ̀ràn, ìlú ló san án.