Fíìmù Ogun Lóṣù Chibok

Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2014 ló yẹ kí fíìmù Half of a Yellow Sun bẹ̀rẹ̀ ní àwọn sinimá Nàìjíríà. Bíyí Bándélé ló darí rẹ̀, láti inú ìwé tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ lórí Ogun Bíáfúrà. Wọ́n ti wò ó ní Toronto láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, sinimá ìlú Òyìnbó náà sì ti ń fi í hàn. Àwa tá a jogún ogun náà gan-an ni wọ́n ní ká ṣì dúró.

Ẹ wo irú oṣù tó jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ 14, bọ́ǹbù bú gbàmù ní Nyanya, lẹ́bàá Àbújá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok. Nínú oṣù yìí ni NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, kò fún fíìmù náà ní ìwé àṣẹ. Ìròyìn ìgbà yẹn ní wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè dá ìjà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001 ní Amẹ́ríkà, Warner Bros. sún Collateral Damage, fíìmù tí bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejì 2002. Ẹni tó ni ọjà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sẹ́yìn, torí òkú ṣì wà nílẹ̀. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ogun Bíáfúrà ti parí láti 1970. Ẹ̀rù ló dá fíìmù yìí dúró, kì í ṣe ọ̀fọ̀. (Àwa tá à ń kọ sọ́fítíwíà náà máa ń sún ọjọ́ síwájú, àmọ́ a máa ń sọ ohun tó bàjẹ́ fún oníbàárà.)

Kí ló wá kàn wá ní Ifẹ̀wàrà, níbi tó jẹ́ pé fóònù ni sinimá ọ̀pọ̀ nínú wa? Ó kàn wá jàre. Ní sáà 2009/2010 ni wọ́n yọ Ìtàn kúrò lára ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní iléèwé àwọn àbúrò wa. Fíìmù ni kíláàsì tó kù fún wọn nígbà yẹn.

Oṣù keje ni ìwé àṣẹ jáde. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹjọ, bí Ebola ṣe ń já gbogbo èèyàn láyà: ọjọ́ 20 oṣù keje ni Patrick Sawyer ti gbé e wọ Èkó. Ta ló fẹ́ jókòó sáàárín èrò nígbà yẹn? Ebola fúnra rẹ̀ di fíìmù, 93 Days, ní 2016, ọdún 2 péré lẹ́yìn náà.