Igun àti Ìbátan Wọn

Igun ni àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín ìlà méjì tí wọ́n pàdé lójú kan. Dìgírì ni a fi ń wọ̀n ọ́n: yíyípo kan jẹ́ 360, ìlà tààrà jẹ́ 180. Bí ìlà méjì bá dábùú ara wọn, igun mẹ́rin ni yóò yọ. Àwọn tí ó kọjú síra wọn dọ́gba. Àpapọ̀ àwọn tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn jẹ́ 180. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 70, a ti mọ àwọn yòókù láìwọ̀n wọ́n: 110, 70 àti 110.

Àwọn ìlà kan wà tí kì í pàdé, bí irin méjì ojú ọ̀nà rélùwéè tó wà ní Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Ọ̀nà tí ó bá gé wọn kọjá ní tààrà yóò ṣe igun kan náà pẹ̀lú àwọn méjèèjì.

Bíríkìlà tí ń na okùn ìpìlẹ̀ ilé ní Bódìjà tàbí Challenge lè ṣe igun 90 láìlo ohun èlò ìwọ̀n igun rárá. Láti ibi tí okùn méjì ti pàdé, yóò wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lójú okùn kan, 4 lójú èkejì, yóò sì máa sún èèkàn títí àárín àmì méjèèjì yóò fi jẹ́ 5 géérégé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, táìlì ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tí ó wọ̀n yìí di onígun mẹ́ta; níwọ̀n bí àpapọ̀ igun inú onígun mẹ́ta ti jẹ́ 180, igun méjì yòókù yóò pín 90 láàárín ara wọn. Ó yẹ kí olùkọ́ ìṣirò mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ wo iṣẹ́ yìí kí ó tó yà á sójú pátákó.