Kí Ni Wọ́n Ń Fi Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣe?
(Ọ̀rọ̀ ohùn tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ)

  Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kó máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kó má fi oníbàárà sílẹ̀ tìtorí mi.

Ní 1987, darandaran Fúlàní kan tí wọ́n ń pè ní Malam Ya'u ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní Fune, ìpínlẹ̀ Yobe. Borno ṣì ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà. Ó gbẹ́ ẹ, ó ju mítà mẹ́rin lọ, ni nǹkan líle kan bá kọ̀ fún un. Kò bínú fọ́ ọ o. Ó lọ sọ fún baálẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Maiduguri àti ti Frankfurt ní Jámánì hú u jáde ní 1994, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n rí, igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́, gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8. Wọ́n yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò: nǹkan bí ọdún 8,000. Ní gbogbo Áfíríkà, a ò tíì rí ọkọ̀ tó dàgbà tó o.

Ẹ wò ó, ilẹ̀ tí à ń ra omi ní jálá yìí, àwọn èèyàn ti wa ọkọ̀ níbẹ̀ rí! Adágún Chad tó ti súnkì yìí gbòòrò ju báyìí lọ fíìfíì. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́ fún yín lásán, ẹ ó ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wà ní Damaturu, níbi tí wọ́n gbé e lọ tọ́jú. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ mọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn: ibi tí ẹ̀rí wà. Bí Malam Ya'u bá fi àáké là á, kó fi se tíì, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹnì kan á ní, ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló ń lọ wò ó? Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wà tí eruku ti bo nǹkan inú rẹ̀, tí wọ́n kọ àlàyé wínníwínní sára páálí ní èdè tí ẹni tó wá wò ó kò gbọ́. Èèyàn á yí ká lẹ́ẹ̀kan, á jáde, kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ fi wé ti Oníkan l'Ékòó, tó ti wà láti 1957. Ọkọ̀ Mercedes dúdú kan wà níbẹ̀, òun ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ ní 13 Oṣù Kejì 1976, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bìkítà fún ère kankan á dúró níwájú ọkọ̀ yẹn, á máa ka ihò. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ló ń fà wọ́n. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo wa, ojú sì lè rí i. Ohun tó ń pe èrò kò ju ìyẹn lọ, àti ẹni tó mọ ìtàn náà sọ.

Nísinsìnyí, Ẹ̀sìẹ́. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ̀yin ará Ọ̀rọ̀ àti Òmù-Àrán, mélòó nínú yín ló ti dé ibẹ̀? Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn: ọkùnrin, obìnrin, àwọn mìíràn jókòó sórí àpótí, irun wọn dì dáadáa. Ní 1933 ni Ramsay, òyìnbó tó ń bẹ ilé ìwé wò, ròyìn wọn fún ìjọba. Àwọn àgbà Ẹ̀sìẹ́ kò kúkú dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ̀ wọ́n. Ìtàn tiwọn ni pé àlejò ni àwọn èèyàn yẹn, pé wọ́n di òkúta. (Àwa tí a jẹ́ àlejò níbí, ẹ jẹ́ ká rọra o!) À ń gba ọ̀nà yẹn relé ọdún, a kì í yà.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa wọn, òyìnbó kan, Jeremy Eades, ló lọ bi wọ́n léèrè tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1993. Òyìnbó o! Ìwé owó wọn ńkọ́? Fọ́tò wọn ńkọ́?

Àwa náà ti rí tiwa. Láti 2009, ẹni tó sá lọ kò ráyè di ẹrù. Omi Alau tó ya wọ ìlú ní Oṣù Kẹsàn-án 2024 kó ti ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ àbá pé kí a kó àpótí páànù inú gbọ̀ngàn wa ní Lamisula dànù kí akunlé tó dé. Ìwé orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ dá àjọ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí oníkálukú dá. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà níbẹ̀, àti mudu kan tí etí rẹ̀ ti fọ́. Àwọn kan ní, "Ṣé míúsíọ̀mù la fẹ́ ṣí ni?" Rárá. Sẹ́ẹ̀lì kan lára ògiri ti tó, ká kọ orúkọ ẹni tó ni nǹkan sí abẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá àti Haúsá, kí Alhaji àgbà máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ lọ́jọ́ ìpàdé. Àwọn ọmọ tí a bí síbí ń béèrè bí a ṣe dé ibí, èsì wa kì í sì í ju "bàbá rẹ ló mú wa wá" lọ.

Fọ́tò kan wà, ọkùnrin márùn-ún dúró níwájú lọ́rì. A mọ mẹ́ta. Màá fi í ránṣẹ́ sórí gúrúùpù lálẹ́ òní. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó gbé fóònù fún màmá kí wọ́n wò ó dáadáa, kó sì pè mí kó tó di Sátidé.