Àìdọ́gba Ìlera Láàárín Àwọn Ègùn Etí Ọ̀sà Èkó

Àìdọ́gba ìlera ni kí àìsàn tó ṣeé dènà máa pa àwùjọ kan ju òmíràn lọ nítorí ibi tí wọ́n ń gbé, owó ọwọ́ wọn àti ojú tí ìjọba fi ń wò wọ́n. Ní Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn Ègùn apẹja ló ti hàn kedere. Wọn kì í sì í ṣe àlejò: Ègùn ló ni Àgbádárìgì, ní ìpínlẹ̀ Èkó kan náà.

Lọ́dún 2016, àìsàn kan tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní àràmàǹdà pa ọmọdé tó lé ní ogún ní Otodo Gbame, abúlé Ègùn apẹja ní agbègbè Lẹ́kí. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, eéyi lásán ni! Láti ọdún 1963 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru àwọn òbí, ṣùgbọ́n ibi tí ìjọba bá kà sí ilẹ̀ àìníwèé, omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn kì í tètè débẹ̀. Ní Mákòókò, àdúgbò Ègùn mìíràn lórí ọ̀sà, orí omi ni ilé wà, inú omi kan náà ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ń tukọ̀ kọjá. Omi mímu, rírà ni, lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé kẹ́ẹ̀gì kiri.

Ará Apákun ní Òṣòdì, tó ń gbé lórí ilẹ̀, lè má lówó, síbẹ̀ dáńfó á gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsọlọ̀. Aláboyún orí omi ní láti kọ́kọ́ tukọ̀ dé èbúté kó tó rí mọ́tò wọ̀.

Owó náà ń dá kún un. Ó lé ní ìdá 70 nínú 100 owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé àpò aláìsàn ló ti ń jáde. Nígbà tí Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ₦8,500 lọ́dún ni ẹnì kan ń san, ₦40,000 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Kò pọ̀ lójú olówó oṣù. Ẹni tó ń yan ẹja tà kì í rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òkè òkun náà kò yàtọ̀. Ìṣirò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020 fi hàn pé ewu ikú Covid-19 láàárín ọkùnrin adúláwọ̀ jẹ́ ìlọ́po 4.2 ti aláwọ̀ funfun. Nígbà tí wọ́n ro ti àdúgbò, iṣẹ́ àti ilé mọ́ ọn, ó wálẹ̀ sí 1.9. Ìgbé ayé ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ní ti Otodo Gbame tí eéyi ti pa àwọn ọmọdé, ìjọba Èkó wó o láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017. Ní oṣù kẹfà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ pé lílé wọn láìpèsè ibòmíràn tako òfin. Àwọn Ègùn kò padà síbẹ̀ mọ́.