Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Òwe Kan àti Ẹ̀kọ́ Jíọ́mẹ́tìrì

"Ìròyìn kò tó àfojúbà" ni àwọn àgbà ń wí, nítorí ohun tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí máa ń fìdí múlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ ju èyí tí wọ́n rò fún un lọ. Ìròyìn lásán sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ nínú jíọ́mẹ́tìrì, ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí ìlà àti igun: olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó pé àròpọ̀ igun mẹ́ta inú onígun-mẹ́ta jẹ́ 180 dígírì, àwọn ọmọ á sì há a sórí de ìdánwò.

Ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, aládìrẹ a máa ṣẹ́ aṣọ po kí ó tó so ó, kí ó tó rẹ ẹ́ sínú aró, bí ó bá sì ṣe ṣẹ́ ẹ ni bátànì rẹ̀ yóò ṣe jáde. Ọmọ Ẹ̀gbá tó ti rí èyí lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí bébà. Kí ó gé onígun-mẹ́ta tó wù ú, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ṣe ìsàlẹ̀, kí ó ṣẹ́ igun òkè wálẹ̀ títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ojú ìṣẹ́po náà sì bá ìsàlẹ̀ rìn ní ọ̀gbọọgba, ìyẹn ni pé kí wọ́n má lè pàdé láé. Bí ó bá ṣẹ́ igun méjì yòókù wá bá a níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tò sórí ìlà tó tọ́ láìsí àlàfo, 180 dígírì gan-an.

Síbẹ̀, bí ọmọ náà bá tilẹ̀ ṣẹ́ ogójì bébà, wọn kò ní sọ nǹkan kan nípa onígun-mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gé. Ìdí nìyí tí a fi ń wá tíọ́rẹ̀mù, òtítọ́ tí a fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn fún gbogbo irú rẹ̀, irú èyí tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi. Ojú ìṣẹ́po ọmọ náà ló ṣínà fún ẹ̀rí: bí ó bá fa ìlà tó bá ìsàlẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀ gba ṣóńṣó òkè kọjá, igun tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ṣóńṣó náà yóò bá igun méjì ìsàlẹ̀ dọ́gba, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì tò sórí ìlà tó tọ́ kan náà. Olùkọ́ tó bá dúró síbi ṣíṣẹ́ bébà kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sì pọn dandan kí olùkọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe é: èdè abínibí yẹ fún irú ìwádìí yìí, nítorí pé nínú ètò tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babatunde Fafunwa darí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, wọn kò sì gbẹ́yìn. Nítorí gbogbo èyí, kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ní Abẹ́òkúta, mú bébà àti sísọ́ọ̀sì wọ kíláàsì ṣáájú ṣọ́ọ̀kì.