Bí Ripítà Ṣe Wọ Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ ní Sugar Land

Ilẹ̀ Sugar Land, ìlú tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston ní àgbègbè Fort Bend, tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sì ní òkè tí ènìyàn lè gùn láti fi rédíò bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì onímítà méjì, èyí tí ó wà láàárín megahertz 144 sí 148, kì í sábà rìn jìnnà kọjá ibi tí ojú lè rí. Èyí ni ó mú kí ìtàn rédíò ham inú ọkọ̀ níbẹ̀ jẹ́ ìtàn òpó gíga ju ìtàn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Rédíò ham ni rédíò tí ẹni tí ó yege ìdánwò, tí ó sì gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ń lò láìgba owó, yálà nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà tàbí láti ran ará ìlú lọ́wọ́; ripítà sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí ibi gíga, tí ó ń gba ohùn lórí ìgbì kan, tí ó sì ń fi agbára tú u jáde lójú ẹsẹ̀ lórí ìgbì mìíràn.

Kí ẹ̀rọ tó ṣe iṣẹ́ yìí, ènìyàn ni ó ń ṣe é. Ní 1914, oníham kan, Hiram Percy Maxim, tí ó ń gbé ní Hartford ní Amẹ́ríkà kò rí ẹni tí ó wà ní Springfield bá sọ̀rọ̀ tààrà, bí ọ̀nà náà kò tilẹ̀ tó máìlì 30, àfi ìgbà tí ẹnìkan ní Windsor Locks bá a tàtaré iṣẹ́ rẹ̀. Láti inú ìrírí yìí ni ARRL, ẹgbẹ́ àwọn oníham ní Amẹ́ríkà, ti jáde. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, oníham kan, Art Gentry, gbé ripítà K6MYK kalẹ̀ sórí òkè Mount Lee ní Los Angeles, ẹ̀rọ sì gba iṣẹ́ alátàtaré.

Ṣùgbọ́n rédíò inú ọkọ̀ kò tíì rọrùn. Irú rédíò AM tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà máa ń gbé ariwo iná ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀rọ̀, FM tí Edwin Armstrong gba àṣẹ ìmọ̀-ẹ̀rọ fún ní 1933 sì ni ó borí ariwo yìí. Ẹ̀rọ FM wọ́n, títí FCC, àjọ tí ń darí ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, fi pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́pàá àti awakọ̀ takisí dín fífẹ̀ ìgbì wọn kù. Ẹ̀rọ àlòkù wọn bọ́ sọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, àwọn oníham sì rà á, wọ́n gbé e sínú búùtù, wọ́n sì fi wáyà fà á wá síwájú ọkọ̀. Ìgbì kọ̀ọ̀kan ní kírísítálì tirẹ̀, ìyẹn òkúta kékeré tí ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ripítà ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ ra méjì sí i, ọ̀kan fún gbígbọ́, ọ̀kan fún sísọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi kóra jọ sórí megahertz 146.94 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. A lè sọ láìṣàsọdùn pé ohun tí takisí pa tì ni ó sọ FM di ti gbogbo oníham.

Ní 1972 ni FCC ṣe òfin tí ó dá lórí ripítà, àṣà sì fìdí múlẹ̀ pé kìlóhertz 600 ni yóò wà láàárín ìgbì tí ripítà fi ń gbọ́ àti èyí tí ó fi ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tí ń dá ìgbì rẹ̀ ṣe lé kírísítálì lọ, ìrántí inú ẹ̀rọ sì tẹ̀ lé e. Ìlú ńlá bí Houston fi ìṣòro mìíràn kún un, nítorí ìgbì oríṣiríṣi ń kọlu ara wọn níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni ohùn kékeré kan tí Motorola sọ ní Private Line, tí a máa ń yọ́ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí etí kì í sì í gbọ́, tí ripítà kò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá ní in. Awakọ̀ òde òní kàn ń tọ́jú ìgbì ripítà, ìyàtọ̀ kìlóhertz 600 náà àti ohùn yìí sínú ìrántí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Yóò gba iná láti orí bátìrì tààrà pẹ̀lú fíúsì nítòsí rẹ̀, yóò sì gbé áńténà tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 49 sí àárín òrùlé, nítorí irin òrùlé náà ni ìdajì kejì áńténà.

Ibi gíga nìkan ni a kò lè fi sínú ọkọ̀. Missouri City, aládùúgbò Sugar Land, ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó òpó wọn sí, iṣẹ́ eléwu sì ni kíkọ́ wọn: ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, òpó Senior Road wó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ènìyàn márùn-ún sì kú. Àwọn oníham kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ bíi Brazos Valley Amateur Radio Club ni wọ́n fi ń da owó àti agbára pọ̀.

Ìjì ni ó fi ìwúlò ìdáwójọ yìí hàn jù. Nígbà tí ìjì Ike kọlu etíkun ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, iná kú ní ilé àti ilé-iṣẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ní agbègbè Houston. Ní 2017, lẹ́yìn ìjì Harvey, odò Brazos kún kọjá ẹsẹ̀ bàtà 55 ní Richmond, ní Fort Bend. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, rédíò tí bátìrì ọkọ̀ ń gbé ṣì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ripítà tí kò ní bátìrì tirẹ̀ yóò dákẹ́ pẹ̀lú iná ìlú. Owó ẹgbẹ́ ni a fi ń ra bátìrì yẹn. Kí ẹni tí ó bá ń lo ripítà lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà Sugar Land, tí kò sì tíì dá owó kankan sí i, tètè lọ dá tirẹ̀.